Bí Bàbá Pọ́sítì Ṣe Gba Ààbọ̀ Lọ́wọ́ Ìjọba Nítorí Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́

Ẹ sún àga mọ́ ibí, ẹ pa rédíò yẹn, kí ẹni tó ń fọ́ ẹ̀pà lẹ́nu sì ní sùúrù díẹ̀, nítorí orúkọ tí mo fẹ́ dá lónìí kì í ṣe orúkọ tí à ń dá láàárín ariwo. Ẹ̀kúndayọ̀ ni mò ń wí, Ẹ̀kúndayọ̀ ọmọ Ọdẹ́yalé, ọmọ ọdẹ tó pàdé ẹfọ̀n lójúkojú lọ́nà oko, tí ẹfọ̀n wò ó, tí òun náà wo ẹfọ̀n, tí àwọn méjèèjì bọ̀wọ̀ fún ara wọn, tí oníkálukú sì sáré gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Ọmọ ọmọ Adéṣuyì ni, Adéṣuyì tó fi ọdún mọ́kànlá gbáko rojọ́ nítorí ebè iṣu méjì, tó borí, tó jó dé ilé, tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé wọ́n ti kọ́ ilé alájà kan sórí ebè náà láti ọdún kẹta ẹjọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ máa rín in lọ. Ìdílé tí kì í gbà ni wọ́n, inú wọn ni akọni yìí sì ti jáde.

Akọni fúnra rẹ̀ ńkọ́? Háà! Akọ̀wé-títí-ìjọba-ó-fi-làágùn! A-fi-òǹtẹ̀-lu-tábìlì-kí-àga-ó-mì! Ọkùnrin tó jókòó sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú wa, Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀, fún ọdún márùndínlógójì gbáko, tí lẹ́tà kan kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ àfi àwọn tí òun fúnra rẹ̀ bá rò pé kò yẹ kó dé, tó fẹ̀yìn tì pẹ̀lú òǹtẹ̀ kan, ìda pupa kan tí wọ́n fi ń lẹ ẹnu ẹrù ìjọba, àti ìgbéraga tí kò gba ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ wọlé bí kò bá fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Bàbá Pọ́sítì ni gbogbo ìlú ń pè é. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, ikùn rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọlé, ohùn rẹ̀ a sì máa ṣáájú ikùn. Èmi tí mò ń ròyìn rẹ̀ fún yín ni Tíṣà Ọ̀ṣínọ̀wọ̀, tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ yín ní kẹ́mísírì, tí mo sì jẹ́ akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ìrọ̀lẹ́-Tura títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mí. Mo sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi pamọ́.

Ẹgbẹ́ wa kò tóbi. Àwa mẹ́fà ni, gbogbo wa ti fẹ̀yìn tì, gbogbo wa sì ní ìyàwó tí kò fẹ́ kí a wà nílé láàárín aago márùn-ún sí aago méje ìrọ̀lẹ́. Abẹ́ ibòji iwájú ilé Àṣàbí apọntí la máa ń jókòó sí, tí oníkálukú ń gba igbá ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kan, kan péré, nítorí àgbà ni wá. Àṣàbí lè ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Opó ni, kò sanra, kì í pariwo, ó sì máa ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo ènìyàn bí ẹni tó ń wo àgbàdo bóyá ó ti hù. Òun ni yóò rẹ àgbàdo sómi, òun ni yóò bò ó mọ́nú ewé títí yóò fi hù, òun ni yóò sá a, tí yóò lọ̀ ọ́, tí yóò sè é, tí yóò sẹ́ ẹ sínú ìkòkò, kó tó wá fi ohun tó wà nínú ìkòkò kẹjọ pa á láṣẹ pé kó di ọtí.

Ẹ jẹ́ n dúró lórí ìkòkò kẹjọ yẹn díẹ̀. Wọn kì í fọ̀ ọ́. Láti ìgbà ayé ìyá ìyá Àṣàbí, ẹnikẹ́ni kò fi kànrìnkàn kan inú rẹ̀ rí, nítorí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ìwúkàrà tó ń jí gbogbo ọtí ilé náà. Ìyá Àṣàbí gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀, Àṣàbí sì gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, lórí ibùsùn tí ìyá náà kò dìde lórí rẹ̀ mọ́. Kò fi owó sílẹ̀, kò fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó sọ fún un kẹ́yìn ni pé, “Má jẹ̀ẹ́ kí ebi pa á.” Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni Àṣàbí máa ń bu kòkó, ẹ̀kọ mímu àgbàdo híhù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, sí i, bí ó bá sì jí láàárọ̀, ó máa ń kúnlẹ̀ kí i kó tó kí ènìyàn. Àwa ẹgbẹ́ ti máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀. A kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ẹ wá wo ọ̀tá báyìí. Kì í ṣe ẹkùn, kì í ṣe ọlọ́ṣà. Ìlà kan ni, ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ wa, tó ní gbogbo ọtí tí ènìyàn bá fi àgbàdo tàbí ọkà pọn sínú ìkòkò láti tà, agbára rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bíà inú ìgò tó ti ilé iṣẹ́ ńlá wá, òfin kan náà gbà á láyè dé ìdá márùn-ún! Márùn-ún fún ìgò, mẹ́ta fún ìkòkò! Mo bi yín, kí ni ìkòkò ṣe fún wọn? Ta ni ìkòkò bú? Ẹni tó kọ ìlà yẹn kò pọntí rí, ó dá mi lójú, kò sì sí nínú ìyá rẹ̀ tàbí àǹtí rẹ̀ ẹni tó bi í léèrè kó tó kọ ọ́. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ọ̀gbẹ́ni Fáníran ni òfin náà gba ọwọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà tútù ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí ènìyàn kó tó fìyà jẹ ẹ́. Ó wá, ó kí Àṣàbí, ó bu ọtí rẹ̀ sínú ìgò kan, ó dé e pinpin, ó gbé e sínú bùútù ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó padà wá pẹ̀lú ìwé: ọtí Àṣàbí ti ju ìdá mẹ́rin lọ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ní olú ìlú. Ó ní kí wọ́n má bínú, ó ti ilẹ̀kùn yàrá tí ìkòkò mẹ́jọ wà, ó fi àgádágodo ìjọba sí i, ó lẹ bébà mọ́ ọn, ó tún ní kí wọ́n má bínú. Ẹni tó bá já bébà yẹn, ẹ̀wọ̀n ni. Ilẹ̀kùn yóò wà ní títì títí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin yóò fi jókòó lórí òfin ọtí, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ọjọ́ tí wọn yóò jókòó.

Àṣàbí kò sunkún lójú wa. Ó kàn dúró síwájú ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú igbá kòkó lọ́wọ́, nítorí ọjọ́ tó yẹ kó fún ìkòkò lóúnjẹ gan-an ni. Ó ní, “Ọjọ́ mélòó ló lè fara dà á?” Òun ló bi ara rẹ̀, òun ló sì dáhùn: ìyá òun lọ sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ mẹ́rìnlá, nígbà tó dé, ìkòkò náà ṣì ń mí díẹ̀díẹ̀. Ó lè dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò rò pé ó lè kọjá bẹ́ẹ̀. A ní ṣebí kẹ́ẹ̀gì ọtí kan ṣì wà, èyí tó gbé ránṣẹ́ sílé Bàbá Pọ́sítì láàárọ̀ ọjọ́ náà fún ìpàdé ẹgbẹ́, tó wà nínú fìríjì, ṣé kò lè fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ òmíràn? Ó mirí. “Asẹ́ mẹ́ta nìyẹn gbà kọjá. Kò sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ ṣé.” Ó gbé kòkó náà wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni akọni dìde! Ẹ bá mi kí i! Ẹ̀kúndayọ̀ ọmọ Ọdẹ́yalé dìde lórí àga onírọ̀rí rẹ̀, àga náà sì bá a dìde díẹ̀ kó tó já bọ́, ó na ìka sókè, ó ní òun yóò yí òfin ìpínlẹ̀ yìí padà, òun yóò gbé ìkòkò kúrò ní mẹ́ta lọ sí márùn-ún bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ìgò, òun yóò sì ṣe é kó tó pé ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ó bọ́ sínú ilé rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà. Lẹ́tà mẹ́tàdínlógún ló kọ ní ọjọ́ méjì, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bí “ìrẹ́jẹ” àti “ìtìjú àpapọ̀” tí ó fi íńkì pupa fàlà sí nídìí. Ó kọ sí gómìnà, ó kọ sí olórí ilé aṣòfin, ó kọ sí ilé iṣẹ́ ètò ìlera, ó kọ sí ilé iṣẹ́ omi nítorí pé omi wà nínú ọtí. Èsì kan ṣoṣo ló rí gbà. Ilé iṣẹ́ omi ló kọ ọ́, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ nípa páìpù tó bẹ́, àwọn ń bọ̀ láìpẹ́.

Ṣé ó rẹ̀ ẹ́? Kò rẹ̀ ẹ́! Ó gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ kiri àdúgbò láti ojúlé dé ojúlé, ó ń gba orúkọ, ó ń gba àtẹ̀ka, ó dé ọ̀dọ̀ alága àwọn kápẹ́ńtà, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ń ran aṣọ ní òpópó Alágbàáà, ó tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dẹ́ákìnì kan tó buwọ́ lù ú tó sì kọ “Èmi kì í mu o” sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Igba ènìyàn ó lé méje ló fọwọ́ sí i. Ọjọ́ kẹsàn-án ìtìlẹ̀kùn ni rédíò kéde pé ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin yóò jókòó ìtagbangba lórí òfin ọtí ní ọjọ́ kejìlá, kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ wá sọ ọ́. Bàbá Pọ́sítì ní lẹ́tà òun ló mú wọn jókòó. Ilé aṣòfin ti mú ọjọ́ náà láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún un?

Ìpàdé ogun wáyé nílé rẹ̀. Ète akọni dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀: a óò gbé kẹ́ẹ̀gì inú fìríjì yẹn lọ síwájú ìgbìmọ̀, a óò wọ̀n ọ́n lójú gbogbo ayé, wọn yóò sì rí i pé ọtí Àṣàbí kò ju ìdá mẹ́ta lọ rárá, pé Fáníran ló ṣì í wọ̀n. Èmi ni mo lọ yá ẹ̀rọ ìwọ̀n nílé ìwé wa àtijọ́. Mo bu ọtí náà ní tútù nini, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ìdá mẹ́ta géérégé! Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i, mo kọ “olùkọ́ kẹ́mísírì fún ọgbọ̀n ọdún” sábẹ́ rẹ̀. Nígbà náà ni Bàbá Pọ́sítì dé kẹ́ẹ̀gì náà, ó fún ìdérí rẹ̀ títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, ó yọ́ ìda pupa sí i ní ẹnu yíká, ó sì fi òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ lù ú.

Àṣàbí wò ó pẹ̀lú ojú ẹ̀gbẹ́ yẹn. “Bàbá Pọ́sítì, ẹ má dí i pa bẹ́ẹ̀. Ewé la fi ń bo ẹnu rẹ̀. Ó ń mí.”

“Àṣàbí,” akọni dáhùn, “ọdún márùndínlógójì ni mo fi di ẹrù ìjọba. Ẹrù tí mo bá dì, kì í tú!”

Èmi Tíṣà dúró níbẹ̀. Mo gbọ́ pé ó ń mí. Mo ti fi ìka tọ́ka sí i lójú pátákó dúdú fún ọgbọ̀n ọdún pé òtútù a máa mú ìwúkàrà sùn, pé ooru a máa jí i, pé atẹ́gùn tí kò rí ọ̀nà jáde yóò wá ọ̀nà. Mo kọ́ àwọn ọmọ yín. Mo sì dúró níbẹ̀, mo ń yin bí òǹtẹ̀ náà ṣe hàn kedere.

A gbéra ní ìdájí ọjọ́ kejìlá, èmi, akọni, àti Àṣàbí tó ní dandan ni kí òun bá wa lọ. Ọkọ̀ àyálò ni, kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, ọ̀nà náà sì jẹ́ kòtò lórí kòtò láti Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀ títí dé afárá ńlá. Kẹ́ẹ̀gì wà nínú bùútù. Oòrùn yọ, oòrùn gbóná, ọkọ̀ kọ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, a sì fi wákàtí mẹ́jọ rin ìrìn wákàtí mẹ́rin. Ní gbogbo ìgbà tí a bá bọ́ sí kòtò, Àṣàbí máa ń wẹ̀yìn wo bùútù, Bàbá Pọ́sítì sì ń ṣe àtúnkà ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, pẹ̀lú ohùn, pẹ̀lú ìka. Nígbà tí a dé, ojú aago méjì ọ̀sán, ikùn kẹ́ẹ̀gì náà ti wú bí ikùn ẹni tó jẹ ẹ̀wà sùn. Akọni ní àmì ọ̀rọ̀ rere ni.

Ẹ wo gbọ̀ngàn báyìí! Àwọn ọlọ́lá méje jókòó lókè, Alága wọn jẹ́ obìnrin gíga kan tó wé gèlè aláwọ̀ ewé tó ń dán, ọ̀kan nínú wọn ń tẹ fóònù, ọ̀kan ti sùn láìfi pamọ́, ọ̀kan sì jẹ́ ọlọ́lá tí kì í mutí, tó ti sọ létí gbogbo ènìyàn pé bó bá jẹ́ tòun ni, òdo ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Fáníran wà lápá kan pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọ̀n ìjọba. Wọ́n pe Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀. Ẹ̀kúndayọ̀ dìde, ó sì fọhùn, ó ti orí àgbàdo bẹ̀rẹ̀, ó gba orí ìtàn ìkòkò kọjá, ó dé orí ìgò, ó bú ìgò, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìgò, ó ka orúkọ igba ènìyàn ó lé méje láìfo ẹyọ kan. Ogójì ìṣẹ́jú! Ẹni tó ń tẹ fóònù náà ti sùn. Alága ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ gbé wá?”

“Òtítọ́ ni mo gbé wá!” ni akọni kígbe, ó gbé kẹ́ẹ̀gì sórí tábìlì, ó fi ọ̀bẹ kékeré ṣí ìda kúrò. Fáníran ní, “Bàbá, ẹ rọra, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́...” Ó ti pẹ́ jù. Ìdérí náà fò, ó lu òrùlé gbọ̀ngàn, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sì jáde pẹ̀lú ìfófòó, ó gòkè, ó tàn, ó bọ́ sórí gèlè aláwọ̀ ewé, ó bọ́ sórí ìwé òfin, ó jí àwọn méjì tó sùn, ó sì fi ìrọ̀rùn kún ẹnu ọlọ́lá tí kì í mutí, ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń yán lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú náà gan-an. Ọlọ́pàá méjì sáré wọlé. Mo wo ilẹ̀, mo ń wá ibi tó lè lanu gbé mi mì.

Ohun tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì kò tó igbá méjì. Fáníran wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó sì fi ohùn ẹni tí àánú ń ṣe sọ ọ́: “Ìdá mẹ́rin àti ààbọ̀ ni, Ọlọ́lá.”

Alága ń nu ojú. Ó gbé ìwé tí mo fọwọ́ sí sókè, omi ọtí ń kán lára rẹ̀. “Tíṣà, orúkọ yín ló wà níbí. Ẹ ní mẹ́ta ni. Irọ́ lẹ pa fún ìgbìmọ̀ yìí?”

Akọni gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ó ní ẹ̀rọ ìjọba ló yí padà, ó ní awakọ̀ ni, ó ní òun yóò kọ lẹ́tà. Gbogbo gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín. Mo wo Àṣàbí, mo sì rí i pé ìkòkò rẹ̀ ló ń wò lójú ọkàn rẹ̀, nínú òkùnkùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, ọjọ́ kejìlá, tí ẹnikẹ́ni kò fún un lóúnjẹ. Ó dìde. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó tún dìde.

Ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Mẹ́ta ni nígbà tó kúrò nílé. Inú òtútù ló ti ń sùn. Ọ̀nà àti oòrùn ló sọ ọ́ di ohun tí ẹ rí yìí. Ọ̀gbẹ́ni Fáníran, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, ọjọ́ mélòó ni tèmi lò nínú bùútù yín kí ẹ tó wọ̀n ọ́n?”

Fáníran wo bàtà rẹ̀. Olóòótọ́ ọmọ ni, mo gbà fún un. “Ọjọ́ mẹ́ta, mà. Mo kọ́kọ́ yà ní ìlú mẹ́rin mìíràn.”

“Ẹ dé e pinpin bí?”

“Mo dé e pinpin, mà.”

Ọtí ń kán láti orí òrùlé. Alága wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo gèlè rẹ̀ tó ti kú, ó wo Fáníran, ó ní, “Nítorí náà, àwọn apọntí tí ẹ ti tì pa látọdún yìí, ọkọ̀ yín ló pọn ọtí wọn kọjá òfin.”

Ẹ rí ọgbọ́n ogun lóòótọ́! Ẹ rí jagunjagun tó mọ̀ọ́mọ̀ di ẹrù rẹ̀ kó lè tú níbi tó yẹ! Àwọn kan ní Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀ ń sọ pé kò mọ̀ọ́mọ̀, pé Àṣàbí ló gba ọ̀rọ̀ náà là pẹ̀lú ìbéèrè méjì. Mo ní ó mọ̀ọ́mọ̀. Ta ló dí kẹ́ẹ̀gì náà? Ta ló sanwó ọkọ̀ tó gbé Àṣàbí dé ibi tó ti bèèrè? Mo ti ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mí, ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà lójú wa. Akọni ní márùn-ún. Alága ní mẹ́rin. Ọlọ́lá tí kì í mutí, tó ṣì ń fi àṣírí lá ètè rẹ̀, ní kò gbọdọ̀ kúrò ní mẹ́ta. Wọ́n fà á, wọ́n fà á, wọ́n sì fẹnu kò sí ìdá mẹ́ta àti ààbọ̀. Ààbọ̀! Ilé aṣòfin gbà á wọlé ní ọjọ́ kẹta sí i, gómìnà buwọ́ lù ú ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Wọ́n tún kọ ìlà kékeré kan sábẹ́ rẹ̀ tí n kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí, pé ẹnu ìkòkò ni kí wọ́n ti máa wọn ọtí láti ìsinsìnyí lọ, lójú ẹni tó pọn ọ́n, lọ́jọ́ tí wọ́n bá bù ú. Àṣàbí ní òun yóò fẹ́ kí ẹnì kan kọ ìlà kékeré yẹn fún òun sórí ògiri.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni Fáníran dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Ẹ kà á fúnra yín: ó fi ọjọ́ méjì kọjá. Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà níbẹ̀. Bàbá Pọ́sítì wọ agbádá tó fi fẹ̀yìn tì, ó mú ìwé òfin tuntun lọ́wọ́ pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù tí òun fúnra rẹ̀ dè mọ́ ọn, nítorí ó fẹ́ kà á sókè níwájú ìkòkò mẹ́jọ kí ayé lè gbọ́. Fáníran já bébà. Ilẹ̀kùn ṣí. Òórùn kíkan jáde, yàrá gbóná, eruku ti bo ìdérí gbogbo ìkòkò. Àṣàbí kọjá lára méje láìwò wọ́n.

Akọni gbé ohùn sókè: “Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀! Ní ọjọ́ òní tí ìtàn kò ní gbàgbé...”

“Ẹ dákẹ́, Bàbá.” Kò wẹ̀yìn. Ó ti kúnlẹ̀, ó ti ṣí ewé, ó ti gbé etí lé ẹnu ìkòkò kẹjọ. “Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ n gbọ́ ohùn ìyá mi.”

Mo gbọ́ bí adìẹ ṣe ń ha ilẹ̀ lóde. Ó pẹ́. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan nínú wa fi bọ́ fìlà. Àṣàbí di ẹnu ìkòkò náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ojú rẹ̀ wà ní dídì, mo sì rí ètè rẹ̀ tó ń sọ ohun kan tí kì í ṣe fún wa. Lẹ́yìn náà, èmi náà gbọ́ ọ, mo fi ọgbọ̀n ọdún kẹ́mísírì búra fún yín: ohùn kékeré kan láti ìsàlẹ̀, pọ́, bí ẹni tó ṣí ètè nínú oorun. Ó dúró. Ó tún ṣe é, pọ́.

Àṣàbí bú sẹ́kún, ẹkún tó ti ń bọ̀ láti ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìsọ̀rọ̀, Bàbá Pọ́sítì, ọmọ Ọdẹ́yalé, a-fi-òǹtẹ̀-lu-tábìlì, sì ju ìwé òfin sílẹ̀, ó fi agbádá gbá eruku, ó gbé igbá kòkó fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó bù ú sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó parí, ó nu ojú, ó sì ní, “Ó ti tó. Ẹ lè kà á wàyí, Bàbá mi. Ẹ kà á dáadáa.”

Nítorí náà, ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìpínlẹ̀ méjèèjì tó bá wa pààlà, ẹ gbọ́, ẹ̀yin ìgò nínú páálí yín! Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, ní Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀, níwájú ènìyàn mẹ́fà, adìẹ kan àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń fi áńkáṣíìfù nu ojú, Ẹ̀kúndayọ̀ ọmọ Ọdẹ́yalé kéde pé agbára ọtí ìkòkò ti kúrò ní ìdá mẹ́ta, ó ti di ìdá mẹ́ta àti ààbọ̀, títí ayé! A hó yèè. A wá wá nǹkan tí a óò fi ṣe ayẹyẹ, kò sí ẹ̀kán ọtí kan nínú ilé, nítorí ọtí inú ìkòkò méje ti kan kọjá mímu, ọjọ́ mẹ́ta sì ni ìkòkò tuntun yóò gbà kó tó jí. Àṣàbí bu omi tútù sígbá fún wa, Fáníran náà gba tirẹ̀, a sì mu ún ní ìdúró.